Kí Ni Wọ́n Ń Fi Iná Mànàmáná Wá Lára Sẹ́ẹ̀lì Ọkàn?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó wà ní FUTA sọ pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì a máa fi iná mànàmáná sí sẹ́ẹ̀lì ọkàn ènìyàn láti fi dán oògùn wò. Ṣé iná náà kò ní pa á ni? Ọkàn ta sì ni wọ́n gé?
Ìyá oníkẹ́míìsì, Ọjà Ọba, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ ṣeun. Wọn kò gé ọkàn ẹnikẹ́ni. Ní 2006, Shinya Yamanaka àti ẹnìkejì rẹ̀ ní Japan fi sẹ́ẹ̀lì eku hàn pé sẹ́ẹ̀lì tó ti gbó lè padà sí ipò ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sì tún di irú mìíràn. Ní 2007 wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì awọ ènìyàn ṣe é. Lónìí, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí ẹnìkan yọ̀ǹda tó láti mú sẹ́ẹ̀lì ọkàn jáde, tí yóò máa sún kì tí yóò sì máa tú fúnra rẹ̀ nínú àwo, bí ẹ bá fi awò asọhun-kékeré-di-ńlá wò ó.

Iná náà kò pa á, nítorí fóòtì díẹ̀ ni, kì í sì í pẹ́ ju ìdá mélòó kan nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ọkàn tiwa náà ń fi iná ṣiṣẹ́. Òun ni ẹ̀rọ ECG ń yà sórí ìwé ní ilé ìwòsàn.

Ìdí tí wọ́n fi ń lò ó ni èmi fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń lù bó ṣe wù ú, tí oògùn sì mú kí lílù rẹ̀ falẹ̀, àmì iná tó ń bá lílù kọ̀ọ̀kan rìn yóò gùn sí i nítorí ìfalẹ̀ náà nìkan, a kò sì ní mọ̀ bóyá oògùn náà léwu. Nítorí náà, wọ́n á fi iná mú un lù ní ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ṣáájú oògùn àti lẹ́yìn rẹ̀, wọn á sì máa fi oògùn kún un díẹ̀díẹ̀. Bí àmì náà bá wá gùn, ọwọ́ oògùn ló ti wá.

Àléébù tí wọ́n ń wá jù ni kí oògùn dí ojú ọ̀nà tí potassium, èròjà kan tó dà bí iyọ̀ nínú ara, ń gbà jáde nínú sẹ́ẹ̀lì, nítorí ìgbà náà ni ọkàn ń pẹ́ kó tó múra fún lílù tó kàn, tí ìlù rẹ̀ lè dàrú, tí ènìyàn á sì ṣubú lulẹ̀. Halofantrine, oògùn ibà tí ẹ̀yin oníkẹ́míìsì mọ̀ sí Halfan, ń ṣe bẹ́ẹ̀, oúnjẹ ọlọ́ràá sì ń mú kí ó pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀dọ̀ nínú àwo, nítorí náà ìdánwò yìí nìkan kò lè fi ohun tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe sí oògùn hàn. Terfenadine, oògùn ara yíyún tí wọ́n kó kúrò lọ́jà Amẹ́ríkà ní 1998, ẹ̀dọ̀ ló sábà máa ń sọ ọ́ di ohun tí kò pa ọkàn lára. Ẹni tó bá lo ketoconazole, oògùn làpálàpá, mọ́ ọn ni ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò ráyè ṣe é. Nítorí náà, kí ẹ tó ta oògùn fún oníbàárà, ẹ bi í ní oògùn mìíràn tó ń lò, ẹ sì ní kí ẹni tó ní àìsàn ọkàn kọ́kọ́ rí dókítà.