Ẹ́ńjìnnì mi gbóná títí ó fi kú lójú ọ̀nà: ṣé kí n tún un ṣe ni, àbí kí n ra òmíràn?

ÌBÉÈRÈ

Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ni mò ń gbé, gàrí ni mo máa ń kó wá sí ọjà Wàńdó ní Àjàṣẹ́. Mọ́tò tí mo fi ń ṣe é, Carina E ọdún 1996, ẹ́ńjìnnì 1.6 ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bá a ṣe kọjá Ìpóbẹ́ báyìí ni abẹ́rẹ́ tó ń wo ìgbóná gòkè dé ibi pupa, dẹ́rẹ́bà mi ní ká rọra máa lọ ká dé Ìṣàkẹ́tẹ́ ná. Ká tó débẹ̀ èéfín funfun ti bo ẹ̀yìn mọ́tò, ó sì kú pátápátá. A fà á padà wálé. Mẹkáníìkì kan ní ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn, kí n lọ ra òmíràn ní Kútọnù. Ẹnì kejì ní joint lásán ni, òun á pààrọ̀ ẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Owó ọwọ́ mi ò tó èyí tí mo lè fi ṣàṣìṣe. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn?

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àdánù. Ẹ má tíì gbọ́ ti ìkankan nínú wọn o. Nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ yìí, mi ò rí ibi tí wọ́n ti ṣí ẹ́ńjìnnì yẹn wò. Èyí tó ní ó ti kú àti èyí tó ní kò sí nǹkan, ìta làwọn méjèèjì dúró sí, ìméfò ni wọ́n ń méfò, owó yín ni wọ́n sì fi ń méfò. Owó àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa ná, owó ìtúwò ni kó jẹ́.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì tó bá mọ́tò yẹn wá láti ilé ló ṣì wà ńbẹ̀, 4A-FE ni wọ́n ń pè é, 1587 cc. Irin ni ìsàlẹ̀ ẹ̀ tí àwọn pístọ́ọ̀nù ń rìn nínú ẹ̀, alúmíníọ̀mù ni òkè ẹ̀, òun làwa ń pè ní culasse, táwọn ará Nàìjíríà ń pè ní tọ́ọ̀pù síìlíńdà. Joint ló wà láàárín àwọn méjèèjì, òun ni ò jẹ́ kí omi, ọ́ìlì àti iná pàdé ara wọn. Alúmíníọ̀mù máa ń wú ju irin lọ tó bá gbóná, tí ìgbóná bá wá pọ̀ jù, á tẹ̀, joint á sì jọ̀wọ́, omi á ráyè wọ ibi tí epo ti ń jó, á gba ẹ̀yìn jáde bí èéfín funfun. Nítorí náà èéfín tẹ́ ẹ rí yẹn, ọ̀rọ̀ culasse ló ń sọ fún mi, kò tíì sọ pé ẹ́ńjìnnì kú.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ìrìn tẹ́ ẹ rìn lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ ti pupa. Láti Ìpóbẹ́ sí ìtòsí Ìṣàkẹ́tẹ́ kì í ṣe ìrìn ìṣẹ́jú méjì. Tí omi bá ti bọ́ sínú ọ́ìlì, ọ́ìlì yẹn ò ní yọ̀ mọ́, irin á máa ha irin nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdájọ́ wà.

Ẹ lè fojú ara yín wò ó láàárọ̀ ọ̀la, nígbà tí gbogbo ẹ̀ bá ti tutù dáadáa, ẹ má ṣí ìdérí rádíétọ̀ nígbà tó bá gbóná láé, omi ibẹ̀ máa ń bó èèyàn ní ojú. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì, ẹ yí i padà, ẹ fìka kan abẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan tó nípọn bí ògì tí wọ́n da mílíkì sí, tó ní àwọ̀ kọfí, omi àti ọ́ìlì ti dàpọ̀ nìyẹn. Ẹ yọ ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì náà wò. Tọ́ìlì bá dúdú, tó mọ́ níwọ̀nba, tí kò sí ògì kankan, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀.

Kí mẹkáníìkì wá yọ àwọn bougie mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn tó ń ṣáná sí epo, kó fi aago wọn compression síìlíńdà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bí ihò tí pístọ́ọ̀nù ń rìn nínú ẹ̀ ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ sí. Ẹ́ńjìnnì yìí tó bá gbádùn, nǹkan bíi 13 bar ló máa ń fún, tó bá ti wálẹ̀ kọjá 10 kò dáa mọ́, kí ìyàtọ̀ àárín wọn má sì ju bar kan lọ. Tó bá jẹ́ méjì tó fara kanra ló wálẹ̀, joint ló gé láàárín wọn. Tó bá jẹ́ gbogbo wọn ló wálẹ̀, kó da ọ́ìlì díẹ̀ síbi ihò bougie kó tún wọ̀n ọ́n: tó bá gòkè, ìsàlẹ̀ ló ti jẹ, sẹ́gímọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn òrùka ara pístọ́ọ̀nù, àti síìlíńdà. Tí kò bá yí padà, ẹ̀bi òkè ni. Iṣẹ́ wákàtí kan ni gbogbo ẹ̀, ẹ sì ti mọ ọ̀pọ̀ nǹkan kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan culasse.

Tó bá wá ṣí i, kó fi irin gbọọrọ tó tọ́ dáadáa lé ojú culasse kó sì gbìyànjú láti ki irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, èyí tó nípọn tó 0.05 mm, bọ abẹ́ ẹ̀. Ó tín-ín-rín ju irun orí lọ. Tó bá wọlé, culasse ti tẹ̀ nìyẹn, ó gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ tourneur, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fá irin, kí wọ́n fá a, kí wọ́n sì fi omi dán an wò bóyá ó sán. Ẹni tó ní òun á pààrọ̀ joint láàárín ọjọ́ kan láìfá culasse tó tẹ̀, joint tuntun yẹn ò ní pẹ́ gé, mo ti rí i lemọ́lemọ́. Nígbà tó bá ń dì í padà, kó fi kọ́kọ́rọ́ tó ń wọn agbára dì í, láti àárín jáde sí ẹ̀gbẹ́, ní ipele ipele, kó má fagbára ọwọ́ lásán ṣe é.

Kó tó dì í, kó ṣí àpótí ọ́ìlì nísàlẹ̀, kó tú coussinet méjì wò, àwọn irin pẹlẹbẹ tó gbé ọ̀pá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Tójú ẹ̀ bá dán, tó ní àwọ̀ eérú, ó ṣe é lò. Tẹ́ ẹ bá rí àwọ̀ bàbà tó yọ jáde tàbí ilà jíjìn, ìsàlẹ̀ ti fara pa. Kó fi èékánná wọ́ ara síìlíńdà náà, tí èékánná bá kọ́, ó ti ya.

Tó bá jẹ́ òkè nìkan ló bàjẹ́, ẹ tún un ṣe, ẹ má wo ẹ̀yìn. Tí ìsàlẹ̀ bá lọ sí i, ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo owó àtúnṣe sórí ìwé: pístọ́ọ̀nù, sẹ́gímọ́ọ̀nù, coussinet, joint, tourneur, iṣẹ́ ọwọ́. Kẹ́ ẹ tún kọ owó ẹ́ńjìnnì venu, ìyẹn àlòkù tó wá láti òkè òkun, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kì í ṣe owó ẹ̀ nìkan o, ẹ fi owó ọkọ̀, owó tí wọ́n máa fi gbé e wọ mọ́tò, bẹ́líìtì, joint àti ọ́ìlì tuntun kún un. Èmi ní tèmi, tí àtúnṣe bá wà ní nǹkan bí ìdajì, mo máa ń tún un ṣe. Tó bá sún mọ́ iye kan náà, mo máa ń ra venu. Tó bá jẹ́ block gan-an, ìyẹn irin ìsàlẹ̀ yẹn, ló sán, mi ò ní fi owó yín ṣòfò.

Ẹ má gbàgbé pé venu náà, a ò mọ bí wọ́n ṣe lò ó lọ́hùn-ún. Ẹ mú mẹkáníìkì dání, kó wọn compression ẹ̀ nínú ọgbà olùtajà kẹ́ ẹ tó sanwó, kí kóòdù 4A-FE wà lára ẹ̀, kí ríṣíìtì sì ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì.

Mo ní ẹ̀dùn ọkàn kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọkùnrin kan ti Ṣábẹ̀ẹ́ wá ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mọ́tò tiẹ̀ gbóná bíi tiyín, mi ò ṣí i, mo kàn ní kó ra òmíràn, ó yá owó, a gbé e wọlé. Kò pé oṣù méjì, tuntun náà tún gbóná kú. Nígbà tí mo gé rádíétọ̀ sí méjì, àwọn ọ̀pá tínínrín inú ẹ̀ ti dí, erùpẹ̀ pupa àti ìpẹtà ló kún un, omi kàǹga ni wọ́n ti ń bù sí i láti ọdún pípẹ́. Ẹ́ńjìnnì méjì ló kú torí rádíétọ̀ kan tí mi ò wò. Èmi ni mo sanwó àtúnṣe yẹn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, yálà ẹ tún un ṣe tàbí ẹ ra òmíràn, rádíétọ̀ gbọ́dọ̀ jáde kí wọ́n fọ̀ ọ́ tàbí kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀, kí wọ́n wo pọ́ǹpù omi, fáànù, ìdérí rádíétọ̀. Tí wọ́n bá ní káwọn yọ thermostat dànù torí pé ilẹ̀ wa gbóná, ẹ má gbà fún wọn, ẹ ra tuntun, òun ló ń jẹ́ kí ìgbóná ẹ́ńjìnnì dúró síbi tó yẹ. Ẹ sì fi omi coolant sí i, kì í ṣe omi kàǹga. Ẹ bá dẹ́rẹ́bà yín jókòó: tí abẹ́rẹ́ bá ti ń gòkè, kó gba ẹ̀gbẹ́ títì, kó pa mọ́tò, ì báà jẹ́ inú igbó ni, gàrí ò ní bàjẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣí i, ẹ wà ńbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ojú culasse, coussinet àti síìlíńdà, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́rin tí aago bá sọ, kẹ́ ẹ má ra ohunkóhun títí n ó fi dá yín lóhùn.