Oúnjẹ Àárọ̀ Kíákíá: Alẹ́ Àná Ni Kẹ́ Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Lẹ́tà tó wọlé lórí oúnjẹ àárọ̀ lọ́tẹ̀ yìí ò kéré, bóyá torí pé iléèwé ti wọlé ni. Mo mú mẹ́rin níbẹ̀, ti àkọ́kọ́ ni màá sì sọ̀rọ̀ lé jù torí òun ló kan ọ̀pọ̀ yín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Òkè-Fìà là ń gbé, sẹkitéríàtì Abere ni mo ti ń ṣiṣẹ́, aago 7 ò gbọdọ̀ bá mi nílé torí mo ṣì máa já àwọn ọmọ síléèwé. Indomie la máa ń jẹ lójoojúmọ́, tí ò bá ti jẹ́ Indomie a jẹ́ pé tíì àti búrẹ́dì nìyẹn. Tíṣà wọn wá ń sọ pé kó tó di aago 10 ebi ti ń pa wọ́n, Kẹ́hìndé tiẹ̀ máa ń sùn ní kíláàsì. Kí ni mo lè sè tí ò ní pẹ́? Ìyá Ìbejì, Òkè-Fìà

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú o. Iṣẹ́ alẹ́ lẹ̀ ń fi àárọ̀ ṣe, ohun tó ń dà yín láàmú gan-an nìyẹn. Tíì oníṣúgà àti búrẹ́dì funfun kì í pẹ́ níkùn, ṣúgà á sáré gòkè lára ọmọ á tún sáré wálẹ̀, ebi á dé, oorun á tẹ̀ lé e. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, wàrà, ẹ̀pà, àwọn tó ní purotéènì nìyẹn, àwọn ló ń dúró ti ọmọ. Ẹyin kan péré ní tó gíráàmù 6 nínú. Torí náà ẹ má wulẹ̀ wá oúnjẹ tuntun kiri, ẹ wá nǹkan kún èyí tẹ́ ẹ ti ń jẹ. Indomie yẹn náà, tẹ́ ẹ bá fọ́ ẹyin méjì sí i, tẹ́ ẹ rẹ́ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, tẹ́ ẹ sì lo ìdajì màgí inú ẹ̀, ó ti di oúnjẹ gidi.

Àṣírí tèmi ni ata. Lọ́jọ́ Sátidé tẹ́ ẹ bá lọ sọ́jà Igbọ̀nà, ẹ ra tàtàṣé, tòmátì, rodo àti àlùbọ́sà, ẹ lọ̀ wọ́n pọ̀, ẹ bọ̀ ọ́ kí omi ẹ̀ gbẹ, ẹ wá dín in. Ẹ má kánjú sọ̀ ọ́ kalẹ̀ o! Tó bá ṣì ń hó pọ́tọ́pọ́tọ́, omi ṣì wà níbẹ̀, ó máa kan. Ẹ máa rò ó títí tí ìró ẹ̀ á fi yí padà, tí á máa ta ṣíí, tí epo á wá léfòó sétí ìkòkò. Ìgbà yẹn ló tó gbé kúrò níná. Ẹ pín in sínú abọ́ onídèérí kéékèèké, èyí tẹ́ ẹ máa lò láàárín ọjọ́ mẹ́ta kó wà nínú fíríìjì, ìyókù kó lọ sí fírísà. Tẹ́ ẹ bá ti ní ata yìí nílé, ẹyin di ọbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, sádìn di ọbẹ̀, ẹ̀wà tẹ́ ẹ ti sè láìfi nǹkan kan sí i lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ kàn da ata lé e kó hó dáadáa, ẹ fi búrẹ́dì tì í, ó parí. Iṣu náà, ẹ bẹ ẹ́ lálẹ́, ẹ gé e pẹlẹbẹ, ẹ rì í sómi, pẹlẹbẹ máa ń yára jinná ju gíńdí lọ.

Tí iná ò bá dúró ládùúgbò yín ṣá o, ẹ má se ẹ̀wà ju èyí tẹ́ ẹ máa jẹ tán lọ́jọ́ kejì lọ. Èyí tó bá sì ti kan, ẹ dà á nù, ẹ má fi ata bò ó mọ́lẹ̀ fọ́mọ.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá ọkọ mi ń bẹ lọ́dọ̀ wa. Mọ́ínmọ́ín tí mo sè lálẹ́ tí mo kàn gbé kaná láàárọ̀, wọ́n ní oúnjẹ àná ni mò ń gbé fọ́mọ àwọn, pé ìyàwó tó mọṣẹ́ ẹ̀ a máa tètè jí dáná. Ẹ gbà mí o. Ìyàwó Tuntun, Ìta Olóòkan

ÌDÁHÙN: Ẹ̀rín pa mí, ìyàwó wa. Ẹ̀kọ tí Màmá ń jẹ láàárọ̀, ìgbà wo ni wọ́n ṣe é? Ṣebí alẹ́ ni wọ́n ti rò ó, tí wọ́n pọ́n ọn séwé, tó dì mọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ sọ bẹ́ẹ̀ lójú wọn o, ìyá ọkọ ni! Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé lálẹ́ tẹ́ ẹ bá ń po mọ́ínmọ́ín, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín tọ́ iyọ̀ ẹ̀ wò. Oúnjẹ tí wọ́n bá ti lọ́wọ́ sí, wọn ò ní pè é lóúnjẹ àná mọ́. Láàárọ̀ ẹ má tú u kúrò nínú ewé, ẹ bu omi díẹ̀ sísàlẹ̀ ìkòkò, ẹ tò ó sí i, ẹ dé e pa títí tí àárín ẹ̀ á fi gbóná dáadáa. Ó máa rọ̀ bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná.

Tó bá wá jẹ́ àkàrà ni Màmá fẹ́, ẹ bó ẹ̀wà kẹ́ ẹ sì lọ̀ ọ́ lálẹ́ kó sùn sínú fíríìjì, ṣùgbọ́n ẹ má fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà sí i títí epo á fi gbóná. Tẹ́ ẹ bá ti fi sí i lálẹ́, á ṣomi, àkàrà ọ̀hún á tẹ́ pẹrẹsẹ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàárọ̀ mà, UNIOSUN ni mo wà. Mi ò ní fíríìjì, gáàsì kékeré kan ni mo ní, lẹ́kíṣọ̀ aago 8 pọ̀. Gàrí ni mò ń mu ṣáá. Akẹ́kọ̀ọ́, Òkè-Baálẹ̀

ÌDÁHÙN: Àbúrò, gàrí ò burú, gàrí nìkan ló burú. Fi ẹ̀pà tàbí kúlíkúlí sí i, bu wàrà lé e. Kó o tó wọ balùwẹ̀, gbé ẹyin kaná, kó o tó wẹ̀ tán ó ti jinná. Ògì tútù náà dáa fún ẹni tí ò ní fíríìjì, rì í sómi, máa pààrọ̀ omi yẹn lójoojúmọ́. Tó o bá fẹ́ pò ó, fi omi tútù díẹ̀ yọ́ ọ, kí omi tó o máa dà lé e ṣẹ̀ṣẹ̀ máa hó kùtùkùtù, kọ́wọ́ ẹ má dúró. Omi tó ti sùn nínú fúláàsì ò lè ṣe é, ògì ọ̀hún ò ní dì, tó o bá fẹ́ lò ó, tún un gbé kaná kó hó. Wá fi ẹ̀pà lílọ̀ tàbí sóyà tí wọ́n ti yan kó tó di lílọ̀ sí i, sóyà tútù ò dáa jẹ. Kì í ṣe àbá mi o, àwọn FIIRO, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣòdì, ti ṣe sóyà-ògì láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Lọ́jọ́ tí o bá pẹ́ jí, ra àkàrà lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n tí epo alákàrà bá ti dúdú tó ń ṣèéfín, kọjá lọ.

ÌBÉÈRÈ: Mo ní ìtọ̀ ṣúgà. Ṣé kí n ṣì máa mu ògì láàárọ̀? Alhaji, Àyétòrò

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú ara. Torí pé wọ́n ti sẹ́ èérí ẹ̀ dànù, tó sì ṣàn, ògì máa ń sáré gbé ṣúgà ara sókè, kódà tẹ́ ò bá fi ṣúgà kankan sí i. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín pọ̀ nínú abọ́, kí ògì kéré. Tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, ẹ má fo oúnjẹ àárọ̀ láìjẹ́ pé dókítà yín ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ṣúgà nílé, ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó jẹun, ẹ tún wò ó lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ kọ méjèèjì sínú ìwé, ẹ mú ìwé náà dání lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ rí dókítà.