Wọ́n gé orúkọ mi kúrò lára àwòrán mi

Àbúrò mi, o kú ìbéèrè o. O ní irú íńkì àti bébà wo lèèyàn fi ń ya kàríkátúrù, àwòrán ẹ̀fẹ̀, fún ìwé ìròyìn, àti pé ṣé wàá lè pa á pọ̀ mọ́ ìlù tó ò ń lù. Íńkì dúdú tí omi kì í fọ̀, bébà funfun tó nípọn, ó tán. Ti ìlù, máa lù ú lọ jàre, èmi ò lè yàwòrán nínú ilé tó pa rọ́rọ́. Orin Sagbohan Danialou, ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wa níbí, ẹni tó ń lu ìlù tó tún ń kọrin lẹ́ẹ̀kan náà, òun ni mo máa ń fi sí, tí ìlù kaka ẹ̀ bá ti ń dún báyìí, ọwọ́ mi á ti mọ ibi tó yẹ kó fa ìlà gùn àti ibi tó yẹ kó já a.

Àmọ́ ohun tó yẹ kó o bèèrè lo ò bèèrè yẹn. Níbo ni àwòrán tó o fọwọ́ ẹ yà gan-an máa sùn?

Ọdún mẹ́fà ni mo fi yàwòrán fún ìwé ìròyìn kan. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni mò ń gbé bébà lọ fún wọn, màá fi sílẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n á fún mi lówó zémì, ọ̀kadà tiwa, àti ẹgbẹ̀rún mélòó kan sẹ́fà, mi ò gba ìwé kankan. Ọjọ́ kan ni mo lọ ra ọṣẹ lọ́jà Ouando, mo gbójú sókè, àwòrán mi rèé lórí kàlẹ́ńdà. Ìyá tó ń ta kpayo, epo fàyàwọ́, tí ọ̀gá dùánì, ìyẹn kọ́sítọ́ọ̀mù, sá pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀ tó ń ra lítà méjì. Mo sún mọ́ ọn. Wọ́n ti gé ìsàlẹ̀ níbi tí mo kọ orúkọ mi sí, ṣùgbọ́n wọn ò gé e tán, ìrù lẹ́tà tó kẹ́yìn ṣì yọ létí bébà bí òwú. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Owó ara mi ni mo fi ra iṣẹ́ ọwọ́ mi lọ́jọ́ yẹn.

Dírẹ́tọ̀ ní àwọn ti sanwó fún mi. Mo gba ọ́fíìsì ìjọba kan lọ, ẹ padà wá lọ́la, ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìgbà tó yá ọmọkùnrin kan tó wọ táì tí ò gbójú kúrò lára fóònù ẹ̀ ní kí n lọ mú àwòrán tí mo fọwọ́ yà wá kí òun fi gbà pé èmi ni mo ni ín. Èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn tó gbé e lọ! Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń lọ tí mò ń bọ̀. Òfin ọdún 2006 lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ní Benin níbí fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ kí orúkọ ẹ̀ wà lára iṣẹ́ ẹ̀, ẹni tí wọ́n ń sanwó oṣù fún ò tiẹ̀ kà á, inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Torí náà má kọ orúkọ sí kọ̀rọ̀ bébà. Kọ ọ́ sára aṣọ, sára ẹsẹ̀ àga, níbi tí àlùmọ́gàjí ò ti ní lè gé e láìba àwòrán jẹ́. Akinọla Laṣekan tó ń yàwòrán fún ìwé ìròyìn West African Pilot l'Ékòó láyé ọjọ́un, Lash ló ń kọ, orúkọ kúkúrú rọrùn. Ẹ̀dà ni kó o fún wọn, kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí ìwé ẹ.

Má sì sáré gbé àwòrán aláṣẹ sórí Facebook o, òfin íńtánẹ́ẹ̀tì tí Benin ṣe ní 2018 ti gbé oníròyìn dé kóòtù.

Tó bá jẹ́ Àjàṣẹ́ lo wà, kó àwọn àwòrán ẹ wá kó o tó kó wọn lọ fún ẹnikẹ́ni, ká jọ wá ibi tí orúkọ máa wọ̀ sí. Gbé ìlù ẹ dání.