Ọmọ Mi Fẹ́ Di Awakọ̀ Bàálù: Kí Ni Kí A Kọ́kọ́ Ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún 17, ó yege nínú ìdánwò WAEC, ó sì ní iṣẹ́ awakọ̀ bàálù ni òun yóò ṣe. Àtikékeré ló ti ń wọ awò ojú. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní kí n tètè san owó àsansílẹ̀ kí àyè má bàa kún, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ní kí n ṣe sùúrù. Ṣé awò yìí kò ní dí i lọ́wọ́? Báwo sì ni ẹ̀kọ́ náà ṣe ń lọ? (Ìyá kan ní Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Bàbá rẹ̀ ni mo gbè lẹ́yìn. Ẹ má san kọ́bọ̀ kan títí dókítà yóò fi yẹ ọmọ náà wò, kì í sì í ṣe dókítà àdúgbò, bí kò ṣe èyí tí NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfuurufú ní Nàìjíríà, fún ní àṣẹ. Àyẹ̀wò Class 1 ni kí ẹ béèrè, nítorí òun ni ẹni tó bá fẹ́ fi wíwa bàálù jẹun gbọ́dọ̀ yege, ọdọọdún ni yóò sì máa tún un ṣe.

Awò kì í ṣe ìdènà, bí ó bá ti lè fi ríran dé ìwọ̀n tí òfin béèrè. Wọn yóò kàn kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ wakọ̀ láìwọ̀ ọ́, àti pé òmíràn gbọ́dọ̀ wà nítòsí rẹ̀. Bóyá ojú rẹ̀ lè mọ àwọ̀ kan yàtọ̀ sí òmíràn ni kí ẹ fojú sí jù, torí bí rédíò bá kú lójú òfuurufú, iná pupa àti iná aláwọ̀ ewé ni àwọn tó wà nínú ilé ìṣọ́ pápákọ̀ fi ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀.

Láti ọdún 17 ni ènìyàn ti lè gba láísẹ́ǹsì àkọ́kọ́, èyí tí kò fàyè gba iṣẹ́ owó. Ti iṣẹ́ owó di ọdún 18. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà ní Zaria láti 1964 ló lókìkí jù nílé. Ibẹ̀ ni Chinyere Kalu, obìnrin àkọ́kọ́ tó di awakọ̀ bàálù ní Nàìjíríà, ti kọ́ṣẹ́, tó sì padà wá ṣe olórí ibẹ̀. Ìlọrin náà ní tirẹ̀. Fún láísẹ́ǹsì iṣẹ́ owó, ìlànà àgbáyé béèrè wákàtí 200 lójú òfuurufú, tàbí 150 fún ẹni tó bá gba ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbéra láàárọ̀, yóò fa epo díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ táǹkì sínú ife tó mọ́ gaara, yóò gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Omi wúwo ju epo lọ. Bí ó bá wà níbẹ̀, ìdí ife ni yóò dì sí bí ìlẹ̀kẹ̀. Ní ọjọ́ tí olùkọ́ bá sọ̀ kalẹ̀ tó ní kó dá lọ, yóò yà á lẹ́nu bí bàálù ṣe ń tètè gòkè, nítorí ẹrù ẹnì kan ti dín nínú rẹ̀. (Ní ọjọ́ tèmi, mo kọ́kọ́ rò pé mo ti ṣe àṣìṣe kan ni.)

Ní àsìkò ọyẹ́, eruku lè bo ojú ọ̀run ní Zaria fún ọjọ́ púpọ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè gbéra, nítorí náà ẹ fi owó ilé àti oúnjẹ oṣù mélòó kan lé ìṣirò yín. Ẹ tún mọ̀ pé láísẹ́ǹsì nìkan kò tíì di iṣẹ́: ilé-iṣẹ́ tó ń lo Boeing 737 yóò fẹ́ kí awakọ̀ ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí irú bàálù bẹ́ẹ̀ gan-an, owó ọ̀tọ̀ sì ni. Ẹni tó bá kọ́ ọ ní Amẹ́ríkà yóò tún ṣe ìdánwò lábẹ́ NCAA kó tó lè fi ṣiṣẹ́ nílé.

Ní ti ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kán yín lójú yẹn, ẹ lọ síbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ẹ ka bàálù tó gbéra lójú yín, kì í ṣe èyí tó wà nínú àwòrán. Ẹ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń parí lọ pé oṣù mélòó ni wọ́n ti lò, wákàtí mélòó ni wọ́n sì ti fò.