"Iṣẹ́ kékeré ni": ohun tí wọn ò ní sọ fún yín kí wọ́n tó la ọrùn ọwọ́

Ẹ kú ìrora, Àǹtí Aránṣọ. Ẹ ní àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e ń kú lóru, pé wọ́n ti dá ọ̀sẹ̀ 2 fún yín láti wá la ọrùn ọwọ́ ọ̀tún (iṣẹ́ abẹ "carpal tunnel" nìyẹn), ẹ sì ń bèèrè bóyá kẹ́ ẹ jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kì í ṣe iṣan ìmọ̀lára (nerve) tó ń mú kí ìka yín kú ni wọn yóò gé o. Okùn ara líle kan tó fẹ̀ (ligament) ló dùbúlẹ̀ lé e lórí bí ìgbànú tó fún jù, òun ni wọn yóò là kí èyí tó wà nísàlẹ̀ lè mí. Kì í sábà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní "iṣẹ́ kékeré ni." Kékeré lójú ẹni tó mú abẹ dání.

Ọ̀rọ̀ rọ́bà tí wọ́n ń dè mọ́ apá ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí wọn kì í fẹ́ sọ ọ́. Wọ́n á wé e mọ́ òkè apá, bí èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ẹ̀jẹ̀ ò fi ní dé ọwọ́ mọ́, kí dókítà lè rí ibi tó ń là. Èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru á fún yín, á tú. Èyí ò ní tú. Ní ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́ ẹ ṣì lè máa rẹ́rìn-ín. Tó bá ń lọ sí ìṣẹ́jú 10, apá á máa ro ìrora kan tó wúwo, tí kò jọ ti abẹ rárá, á sì máa pọ̀ sí i. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún sí àtẹ́lẹwọ́ kó má bàa mọ ìrora kò dé òkè apá. Bí wọ́n ṣe ń sọ pé "ẹ ò ní mọ nǹkan kan lára" nìyẹn, tí ẹ ó sì mọ̀ ọ́n. Tó bá tú, ọwọ́ á gbóná, á máa ta yín bí ìgbà tí eèrùn bò ó. Ìyẹn á lọ fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ bi dókítà kó tó di ọjọ́ náà: ṣé rọ́bà lẹ máa lò ni, àbí abẹ́rẹ́ lidocaine (oògùn tó ń mú kí ojú ibẹ̀ kú) tó ní adrenaline nínú? Adrenaline ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lójú ibi tí wọ́n gún un sí, a ò sì ní nílò rọ́bà. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ dúró bí ìdajì wákàtí kó tó ṣiṣẹ́ tán. Ẹni tó bá ń kánjú á fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kó tó pé. Abẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń ta gan-an. Ẹ ní kí wọ́n rọra tì í wọlé, wọ́n sì lè po sodium bicarbonate díẹ̀ mọ́ ọn kó má ta tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má tijú láti sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ SS tàbí SC, ẹ sọ jẹnotáípù yín kí wọ́n tó mú rọ́bà jáde, bí nọ́ọ̀sì tilẹ̀ gbàgbé láti bi yín. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n sé mọ́ ń ṣaláìní atẹ́gùn, ìyẹn ló sì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ẹni bẹ́ẹ̀ tẹ̀ bí dòjé. Bákan náà ni aspirin, warfarin àti gbogbo oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn: ẹ dárúkọ wọn, ẹ má dá wọn dúró fúnra yín. Àgbo náà wà níbẹ̀. Ẹ má fi pamọ́ torí pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n bá yín wí.

Òrùka, ẹ bọ́ ọ láti òní. Ọwọ́ á wú, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ gé e. Ẹ gé èékánná, ẹ nu ọ̀dà èékánná kúrò. Ẹ má fá irun ọwọ́. Wọ́n á fi bírò sàmì sí ọwọ́ tí wọ́n máa là: kí ẹ̀yin fúnra yín wò ó pé ọ̀tún ni.

Òru àkọ́kọ́ ni òru tó le. Kí abẹ́rẹ́ tó tán lára ni kẹ́ ẹ ti gbé paracetamol mì: 500 miligíráàmù méjì ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, kò gbọ́dọ̀ ju 8 lọ lóòjọ́. Tí ẹ bá dúró dìgbà tó ń ro yín kẹ́ ẹ tó lò ó, ẹ ti pẹ́ jù. Ìrọ̀rí méjì, ọwọ́ ga ju àyà lọ, ọjọ́ 2 sí 3. Ẹ má jẹ́ kó wà nísàlẹ̀ ikùn nínú aṣọ tí wọ́n fi gbé e kọ́ ọrùn. Kẹ́ ẹ máa ká gbogbo ìka pọ̀, kẹ́ ẹ máa nà wọ́n, láti ọjọ́ náà gan-an. Tí èékánná bá ń dúdú, tí ìka sì ń tutù, báńdéèjì ti fún jù. Ẹ padà lọ lóru yẹn, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́.

Nílé ńkọ́? Ẹ máa fi ọwọ́ òsì jẹun, nítorí náà ẹ wá ṣíbí, kẹ́ ẹ sì kìlọ̀ fún ará ilé kí wọ́n má bú yín. Ẹ máa fi ọwọ́ kan náà fọ ìdí, ẹ fi ọṣẹ sí tòsí. Ìró kò ṣeé dì pẹ̀lú ọwọ́ kan. Aṣọ tó ní rọ́bà nídìí ló dára, àti bùbá ọwọ́ fífẹ̀. Tí ẹ bá ń wẹ̀, ẹ fi náílọ́ọ̀nù bo báńdéèjì, kẹ́ ẹ so ẹnu rẹ̀ dáadáa. Okùn tí wọ́n fi rán an á jáde ní ọjọ́ 10 sí 14.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yín ló ká mi lára jù. Wọ́n á ní okùn jáde ni, ó parí. Kò parí. Àlùmọ́gàjí àti kẹ̀kẹ́ ọwọ́ ọ̀tún maṣíìnì ń fẹ́ agbára ìmúǹkan, ìyẹn sì ń gbà tó oṣù 3. Ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ lọ́tùn-ún lósì á máa dùn yín tí ẹ bá fi tẹ nǹkan. Kì í ṣe pé iṣẹ́ abẹ bàjẹ́. Ẹ má gba aṣọ ẹbí kankan tó máa bọ́ sí ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́, kódà bí wọ́n bá fowó sílẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé oúnjẹ. Tó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ àtẹ́lẹwọ́ nìkan, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn á jẹ́ kẹ́ ẹ jẹ nǹkan díẹ̀, ṣùgbọ́n òfin wọn ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Tí wọ́n bá máa mú yín sùn, ẹ má jẹ nǹkan líle láàárín wákàtí 6 tó ṣáájú, omi lásán ṣeé mu títí yóò fi ku wákàtí 2. Oníṣúgà ò gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ kó tún lo oògùn rẹ̀ láìbi dókítà.