Ṣé ọmọ ẹbí kan lè dá ilẹ̀ ẹbí tà?

Rárá o. Níwọ̀n ìgbà tí ẹbí kò tíì pín ilẹ̀ náà, ọmọ ẹbí kan kò ní ìpín tó lè dá tà. Bó bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà lójú òfin. Bó bá jẹ́ olórí ẹbí ló tà á lórúkọ ẹbí, tí àwọn abẹnugan ẹbí, ìyẹn aṣojú ìdí igi kọ̀ọ̀kan (àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan), kò fọwọ́ sí i, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e bí wọ́n bá tètè pẹjọ́. Ẹ̀yin tó fẹ́ ra ilẹ̀ ẹbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sanwó kí gbogbo wọn tó fọwọ́ síwèé. Rìsíìtì nìkan kò tó. Ẹ tún gba ìyọ̀ǹda gómìnà, nítorí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978.