Yàrá ẹ̀dínwó ní Mọ́kà: ṣé tẹ́tẹ́ ni?

ÌBÉÈRÈ: Asalaamu alaykum, Àáfà. Ìyá mi fẹ́ lọ ṣe Úmúrà, èmi ni mo máa mú wọn lọ. Orúnkún ń dùn wọ́n díẹ̀. Mo wá hòtẹ́ẹ̀lì lọ sórí ìkànnì kan tó máa ń já owó yàrá wálẹ̀, iye mẹ́ta ni mo sì rí. Àkọ́kọ́ wọ́n, àmọ́ a lè fagi lé e kí owó padà. Ìkejì dínwó, ṣùgbọ́n tí a bá ti san án, owó ò padà mọ́. Ìkẹta ló kéré jù: wọn ò ní dárúkọ hòtẹ́ẹ̀lì náà àfi tí a bá sanwó tán, wọ́n kàn kọ ọ́ pé oníràwọ̀ mẹ́rin ni, pé ó wà nítòsí Haram, ìyẹn mọ́sálásí Kááбà. Ọ̀rẹ́ mi ní tẹ́tẹ́ ni ìkejì àti ìkẹta. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ là mí lọ́yẹ.

ÌDÁHÙN: Wa alaykumu salaam. Kí Ọlọ́hun gba ìjọsìn náà lọ́wọ́ ẹ̀yin àti ìyá.

Ẹ̀dínwó fúnra rẹ̀ kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Yàrá tó bá ṣófo mọ́jú, kò sẹ́ni tó lè ta òru yẹn mọ́, ìdí nìyẹn tí onílé fi ń já owó rẹ̀. Ohun tí ẹ̀sìn ń wò ni ohun tí ẹ mọ̀ nípa ọjà náà nígbà tí ẹ ń sanwó.

Ọ̀rọ̀ ìkejì kì í ṣe tẹ́tẹ́. Háyà ni, ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ìjáràh. Èyí tó pọ̀ jù nínú mazhab mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn ọ̀nà òfin ẹ̀sìn tí à ń tẹ̀lé, gbà pé tí háyà bá ti dì, ẹnì kan ò lè dá tú u; àwọn Hanafi ló ní ó ṣeé tú tí ìdí pàtàkì bá wà. Tí ẹ bá háyà bọ́ọ̀sì lọ síbi ìyàwó, tí ìyàwó ọ̀hún sì yẹ̀ nígbà tí awakọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà, ṣé ẹ ò ní sanwó fún un ni? Bẹ́ẹ̀ náà ni yàrá tí wọ́n tì pa dè yín. Ẹ sùn níbẹ̀ o, ẹ ò sùn níbẹ̀ o, ẹ̀yin lẹ ni òru yẹn. Àmọ́ tí wọ́n bá gbé yàrá yín fún ẹlòmíì, tí wọ́n gbowó lọ́wọ́ òun náà, wọ́n ti jẹ owó yín lọ́nà èrú, èyí tí Súrà An-Nisā 4:29 kọ̀. Ẹ béèrè owó yín.

Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì mìíràn kì í gbà ju owó òru kan tí ẹ ò bá wá. Èyí jọ àsansílẹ̀ tó ń jóná, tí wọ́n ń pè ní ʿurbūn, àríyànjiyàn sì wà níbẹ̀. Imaamu Malik, tí àwa ń tẹ̀lé mazhab rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, kò gbà á. Imaamu Ahmad gbà á, Mọ́kà gan-an sì ni ẹ̀rí rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀: Nafi' ọmọ Abd al-Harith, tó ń ṣojú Kálífà Umar ní Mọ́kà, ra ilé Safwan ọmọ Umayya láti fi ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n fún Umar. Tí Umar bá fọwọ́ sí i, ọjà dì. Tí kò bá fọwọ́ sí i, Safwan á gba 400 owó. Lọ́dún 1993, Ìgbìmọ̀ Fíkíhì (òfin ẹ̀sìn) ti OIC, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, jókòó ní Brunei, wọ́n sì gbà á láàyè tí wọ́n bá ti dá ọjọ́ sí i. Ohun tí èmi náà ń sọ fún èèyàn nìyẹn. Ọjọ́ yẹn ni ìkànnì ń kọ pé ẹ lè fagi lé e dà. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ sínú fóònù yín.

Ìkẹta ló bà mí lẹ́rù. Nínú hádíìsì tí Abu Hurayrah gbà wá, tó wà nínú Sahih Muslim, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ títa ọjà pẹ̀lú òkúta, ó sì kọ ọjà tó ní gharar, ìyẹn ọjà tó ṣókùnkùn. Àwọn ará ìgbà yẹn á tẹ́ aṣọ sílẹ̀, oníbàárà á ju òkúta, aṣọ tí òkúta bá bà ni tirẹ̀. Ẹ wo ìkẹta yín dáadáa, ṣé kò jọ ọ́? Lóòótọ́, Malik gbà kí á ra ohun tí a ò rí tí wọ́n bá ṣàpèjúwe rẹ̀ fún wa, àmọ́ àpèjúwe yẹn gbọ́dọ̀ kan ohun tí a tìtorí rẹ̀ sanwó. Ní Mọ́kà, ọ̀nà àtilọ sí Haram la ń rà ju ibùsùn lọ. Hòtẹ́ẹ̀lì tó wà ní Aziziyah, lọ́nà Mina, wọ́n lè pè é ní ìtòsí, bọ́ọ̀sì sì ni ìyá yóò máa wọ̀ lọ kírun. Èyí tó wà ní Ajyad lè sún mọ́ Haram lóòótọ́, kó wá jẹ́ pé orí òkè ni. Tí wọ́n bá sì kọ iṣẹ́jú márùn-ún, ṣé ti ẹsẹ̀ ni àbí ti mọ́tò? Ẹ fi ìkẹta sílẹ̀. Tó bá jẹ́ òru kan péré lẹ fẹ́ sùn nítòsí pápákọ̀ òfuurufú Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ti kọ àdúgbò àti irú yàrá tó jẹ́, òkùnkùn ibẹ̀ kéré, mi ò ní le mọ́ yín.

Lẹ́tà pupa tó ń pariwo pé yàrá kan ṣoṣo ló kù, ẹ má jẹ́ kó kó yín láyà sókè. Káàdì tí ẹ máa fi sanwó ńkọ́? Owó yín gan-an ni kó wà nínú rẹ̀, kó má jẹ́ èyí tí báńkì yá yín tí yóò máa gorí èlé.

Tí fíísà ìyá bá ti jáde, ẹ mú ìkejì. Tí kò bá tíì jáde, ẹ mú àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ wọ́n. Kí ẹ tó san án, ẹ pe hòtẹ́ẹ̀lì náà, kí ẹ béèrè iye àtẹ̀gùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọn.